Ẹsẹ Tí Wọ́n Ní Kí Jameelah Fò

Àwọn tó mọ Jameelah Adéjùmọ̀ mọ̀ pé kì í wá ìjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó sún kúrò níbi tó dá a lójú pé ó yẹ kó dúró sí, ńṣe ló máa ń fìdí mọ́lẹ̀ bí igi ìrókò. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìtọ́jú àwọn tí kíndìnrín ń dà láàmú ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Kùránì ni iṣẹ́ ìdílé rẹ̀. Ààfáà ni bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin náà mú ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sáàárín àwọn ọmọ kéú ọkùnrin, ó ní ẹni tí inú bá ń bí kó lọ fẹjọ́ sun Ọlọ́hun tó dá etí mọ́ obìnrin lórí.

Ní mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá tó wà ní Lewisville, ní Texas, Jameelah ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìtumọ̀ Kùránì ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ilé ìtajà àga àti ibùsùn ni ilé náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ẹrù sí nígbà náà sì ni àwọn obìnrin ń lò. Wọ́n á ka ẹsẹ ní Lárúbáwá, Jameelah á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fo ohunkóhun. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ pé Súrátù Máídà ló kàn wọ́n lásìkò tí ogun Gásà ń jà lọ́wọ́, tí àwòrán òkú ọmọdé ń já wọ orí fóònù gbogbo ènìyàn láàárọ̀ lálẹ́, kò sí ẹni tó pète rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Alhaji Mùsílíù ní kí Jameelah dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Òun ni alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, àgbàlagbà tó ti ń gbé Texas kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gba físà. Òun ló wọ́ ẹsẹ̀ kiri títí tí wọ́n fi rí ilé náà gbà, kò sì sí ẹni tó ń fojú di í.

“Alhaja, mo gbọ́ pé Máídà lẹ wà báyìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Ọ̀rọ̀ Ànábì Mùsá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kàn lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibẹ̀. Ẹ bọ́ sí ìtàn àwọn ọmọ Ádámà méjèèjì. Tí ogun bá rọlẹ̀ tán, ẹ lè padà sí i.”

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ níláti sọ ẹsẹ tó ń bà á lẹ́rù. Níbẹ̀ ni Ànábì Mùsá ti sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n wọ ilẹ̀ mímọ́ tí Ọlọ́hun ti kọ fún wọn. Jameelah sì mọ ẹni tó dá ẹ̀rù náà sílẹ̀, nítorí àna òun ni. Timothy, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì jẹ́ pásítọ̀ ìjọ kan ní Frisco. Láìpẹ́ yìí ló ṣe fídíò kan, ó gbé Kùránì onítumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dání, ó ka ẹsẹ yẹn, ó wá bojú wo ẹ̀rọ ayàwòrán, ó ní, “Ìwé àwọn Mùsùlùmí fúnra rẹ̀ ti fi ilẹ̀ náà fún Júù. Kí ni wọ́n wá ń jà sí?” Kò sí ẹgbẹ́ Yorùbá kan lórí WhatsApp, láti Frisco dé Mansfield, tí fídíò náà kò dé.

“Alhaji,” ni Jameelah wí, “bí mo bá fò ó, mo ti fọwọ́ sí ohun tí Pásítọ̀ sọ nìyẹn. Àwọn obìnrin yẹn ti wo fídíò náà. Wọ́n á ní ẹ ò rí i, ẹ̀rù ń ba Ustadha, olùkọ́ wa, láti kà á.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ẹ ro ti Fáìzàh. Ṣé níwájú rẹ̀ lẹ máa jókòó sí, tí ẹ ó máa kà pé Ọlọ́hun ló kọ ilẹ̀ wọn fún àwọn tó ń ju bọ́ǹbù lù wọ́n?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jameelah lára. Ọmọ Palẹ́sítínì ni Fáìzàh, ọkọ rẹ̀ ni Jibril tí í ṣe ọmọ Yorùbá, láti Mansfield ló sì ti ń wakọ̀ wá sí kíláàsì. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ni kì í ti í sọ̀rọ̀ mọ́, á kàn jókòó lẹ́bàá ògiri, á dojú fóònù rẹ̀ dé orí itan.

“Mo ti ro ti Fáìzàh,” ni Jameelah dáhùn. “Mà á ka ohun tó ṣáájú rẹ̀, mà á ka ohun tó tẹ̀lé e, mà á sì sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fò ó. Èmi kọ́ ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mi ò sì ní bá Ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dín in kù.”

“Ẹ rọra, Alhaja.”

“Mo ti rọra.”

Alhaji Mùsílíù wo ilẹ̀, ó tún wo òkè. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí kíláàsì lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí Jameelah dé inú ọkọ̀, ó pe àbúrò rẹ̀. Sururat ni orúkọ tí bàbá wọn sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti fẹ́ Timothy ló ti ń jẹ́ Bridget. Jameelah kò pè é ní Bridget rí. Ó tú gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún un lórí fóònù, títí kan ti kíláàsì tí wọ́n dá dúró. Ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ láàárín tọkọtaya. Lọ́jọ́ kejì, Timothy fúnra rẹ̀ ló pè.

“Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Bridget sọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Kò dáa rárá. Ẹni tó bá sọ òtítọ́ ni wọ́n máa ń lé.”

“Ẹ ṣé, Pásítọ̀.”

“Ọ̀la la máa gbàdúrà fún Ísírẹ́lì ní ìjọ wa. Ìyá Júù kan ń bọ̀ wá ka ti inú Tórà ní èdè Hébérù. Mo ní bí ẹ bá lè wá ka ti Kùránì ní Lárúbáwá, ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn, kí gbogbo ayé gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Jameelah mọ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ fi òun ṣe. Ṣùgbọ́n ó tún rò ó pé àwọn tó wo fídíò yẹn, àwọn tó ń pín in kiri, inú ilé yẹn gan-an ni wọ́n máa wà. Ìgbà wo ni òun tún máa rí wọn bá sọ̀rọ̀ lójúkojú?

“Mà á wá,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mà á kà á tán o, Pásítọ̀. Mi ò ní ka ààbọ̀.”

“Ọlọ́run á bùkún yín, Àǹtí,” ni Timothy wí. Bóyá ó gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn tàbí kò gbọ́, Jameelah kò lè sọ.

Sururat gbọ́ ọ ní tirẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó sá wọ balùwẹ̀ láti sọ̀rọ̀. “Àǹtí mi, mo mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ni o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà.”

Jameelah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a lóhùn pé, “Ọkọ rẹ ló pè mí.”

Gbọ̀ngàn ńlá nínú ilé ọ́fíìsì tuntun kan ni ìjọ náà ń lò. Nígbà tí Jameelah wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, àwọn aṣèrànwọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n ti ń retí, wọ́n sì mú un lọ síwájú pátápátá. Àsíá funfun àti búlúù Ísírẹ́lì wà lára ògiri méjèèjì. Wọ́n mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kékeré kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Deborah Kessler ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ èdè Hébérù ni kó tó fẹ̀yìn tì, àríwá Dallas ló sì ń gbé. Wọ́n kí ara wọn. Ìyá náà bi í bóyá ó ti wá síbí rí. Jameelah ní rárá, àna òun ni pásítọ̀. Ìyá náà mi orí, ó ní, “Èmi náà, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.”

Ìyá Kessler ló kọ́kọ́ kàwé. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n Hébérù náà dún ketekete lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e: pé Ọlọ́run bá Ábúráhámù dá májẹ̀mú, pé gbogbo ilẹ̀ Kénáánì jẹ́ ti òun àti irú-ọmọ rẹ̀ títí ayé. Gbọ̀ngàn hó. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó padà sí àyè rẹ̀.

Wọ́n gbé máìkì fún Jameelah. Ó ké Kùránì bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kò kán an lójú, kò fà á jù. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀ mímọ́, ó dúró, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wọ ilẹ̀ mímọ́ tí Ọlọ́hun kọ fún yín. Kò tíì gba èémí tí gbogbo ilé fi pa “Halelúyà”, àwọn kan dìde dúró. Timothy ti ń rìn bọ̀, ó ti na ọwọ́ sí máìkì.

“Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ìjọ, ẹ ti gbọ́.”

Jameelah yí máìkì sí apá kejì. “Mi ò tíì kà á tán, Pásítọ̀. Mo sọ fún yín lánàá.”

Ó ń kà á lọ. Ó ka bí wọ́n ṣe sọ pé àwọn alágbára wà níbẹ̀, pé àwọn ò ní wọ̀ ọ́. Ó ka bí wọ́n ṣe ní kí Mùsá àti Olúwa rẹ̀ lọ jà, àwọn jókòó síbi tí àwọn wà. Ó ka bí Ọlọ́hun ṣe wá sọ ilẹ̀ kan náà di èèwọ̀ fún wọn ní ogójì ọdún. Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èdè méjèèjì.

“Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn,” ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì. “Ohun tí a kọ fún ènìyàn lè di èèwọ̀ fún un. Kùránì kan náà tún sọ fún wa pé Ànábì Ìbùráhímà bi Olúwa rẹ̀ pé àwọn àrọ́mọdọ́mọ òun ńkọ́, Ọlọ́hun sì dá a lóhùn pé májẹ̀mú òun kò kan àwọn alábòsí. Kò yọ ọmọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò yọ tiwa náà sílẹ̀. Ìlérí Ọlọ́hun kì í ṣe ìwé ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ láti fi lé ẹlòmíràn jáde nínú ilé rẹ̀. Bí ẹ bá tún ń béèrè ohun tí àwa ń wá níbẹ̀, ibẹ̀ la kọ́kọ́ ń kọjú sí tí a bá ń kírun, kó tó di Mẹ́kà. Ibẹ̀ ni Ànábì wa ti gòkè lọ sí sánmà. A ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni—”

Máìkì kú. Ẹnì kan ti pa á láti ẹ̀yìn. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn ìyá kan ti ń fi èdè àjèjì gbàdúrà. Timothy ní, “Àǹtí, ó tó báyìí,” láàárín eyín. Jameelah gbé máìkì sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí àga. Ẹni tó bá ti kọ́ ogún obìnrin ní yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń pariwo kò nílò máìkì. Ó gbé ohùn sókè, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyá Kessler ló dìde. “Ẹ jẹ́ kó parí,” ló wí fún Timothy. “Mo fẹ́ dá a lóhùn, mi ò sì lè dá ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lóhùn.”

Jameelah parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá náà kọjú sí i, kì í ṣe sí ìjọ.

“Mi ò gba ohun tó o sọ. Títí ayé ni májẹ̀mú náà nínú ìwé tiwa, ó sì dárúkọ Ísáákì. Ogójì ọdún tó o kà yẹn pé, wọ́n sì wọ ilẹ̀ náà. Ìwé tìrẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ó mọ̀,” ni Jameelah wí. “Wọ́n wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àbòsí, wọ́n tún kó wọn jáde. Ìwé tiyín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ó mọ̀. Ó sì sọ pé a máa padà. Gbogbo ibi tí wọ́n lé wa dé, a kò jẹ oúnjẹ kan tán kí á má gbàdúrà pé kí á padà síbẹ̀. A ò fi ìgbà kan gbàgbé.”

“Àwọn tí ẹ padà bá níbẹ̀ ńkọ́, ìyá? Àwọn tí wọ́n ti ń bí ọmọ síbẹ̀, tí wọ́n ń sin òkú síbẹ̀? Ọmọ Ìbùráhímà ni àwọn náà.”

“Ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kí n sùn,” ni Ìyá Kessler wí. “Ṣùgbọ́n mi ò ní torí rẹ̀ gbé ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọ.”

“Èmi náà ò ní gbé e sílẹ̀ fún yín.”

“Mo mọ̀.” Ìyá náà wá yíjú sí Timothy. “Pásítọ̀, mo wo àwọn fídíò yín kí n tó wá. Nínú ọ̀kan, ẹ sọ pé bí gbogbo àwa Júù bá ti pé síbẹ̀ tán, Jésù á dé, àwọn tí kò bá gbà á nínú wa á sì ṣègbé. Ẹ rò pé mi ò ní wò ó dópin. Èmi kì í ṣe àkàbà tí ẹnikẹ́ni máa gùn lọ sí ọ̀run.”

Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín àwọn àga jáde. Jameelah tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Níta, lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀, ìyá náà bi í pé, “Ṣó o rò pé mo gbè ọ́ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn ni?”

“Rárá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà á lọ.

Sururat ló sáré jáde tẹ̀lé wọn, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ tú. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó já bọ́. “Mo bẹ̀ yín, Àǹtí mi. Mo bẹ̀ yín lánàá.”

“Ọkọ rẹ fẹ́ fi ẹnu mi sọ ohun tí kò sí nínú ìwé mi. Kí ni kí n ṣe, Sururat?”

“Kí ẹ má wá. Kí ẹ jókòó sílé yín. Ẹ̀yin á padà sí Lewisville báyìí, èmi ni wọ́n á máa wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bridget ni wọ́n sì ń pè mí níbí.”

Ó padà wọlé. Jameelah dúró sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rántí ibi tó gbé ọkọ̀ sí.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, fídíò mìíràn ti ń lọ kiri. Ẹnì kan ti gé e mọ́ ibi tí Jameelah ti ka ilẹ̀ mímọ́ tí ìjọ fi pa “Halelúyà”. Ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn Mùsùlùmí tó ń rí i ń bú u, àwọn Kristẹni tó ń rí i ń yìn ín, èébú àti ìyìn náà sì ń dùn ún bákan náà. Ó kọ̀wé sórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan bi í pé kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Lọ́jọ́bọ̀, Alhaji Mùsílíù pè é, ó ní wọ́n ti gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹlòmíràn.

“Ẹ gbé Kùránì lọ sí abẹ́ àsíá yẹn, Alhaja. Mo ní kí ẹ fò ó nínú yàrá wa, ẹ wá lọ kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ wá ẹnì kan tó wà níbẹ̀, kí ẹ bi í bí inú wọn ṣe dùn tó nígbà tí mo kà á tán.”

“Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìyẹn. Ohun tí ojú rí ni.”

“Ohun tí wọ́n fi han ojú ni, Alhaji. Mà á wá lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ilẹ̀kùn á wà ní títì.”

“Mà á wá.”

Ó lọ lóòótọ́. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà ní títì, bébà kan wà lára rẹ̀ pé kò sí kíláàsì. Jameelah bọ́ bàtà, ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń to bàtà sí, ó jókòó, ó ṣí Kùránì sórí itan. Kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa wá. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí kò bá sí ẹnì kankan, òun á kà á fún bàtà.

Àwọn obìnrin dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rí i, wọ́n kí i láti òkèèrè, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Àwọn mìíràn jókòó láìsọ̀rọ̀, ẹ̀yìn wọn lára ògiri. Wọn ò tó ìdajì iye tí wọ́n máa ń jẹ́. Kò pẹ́ ni Alhaji Mùsílíù dé.

“Alhaja, mo ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àánú Fáìzàh ló ń ṣe wá, ẹ̀yin ò ní àánú.”

“Alhaji, ẹ sinmi dídárúkọ mi.”

Fáìzàh ló sọ̀rọ̀. Ó ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà ogun, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń lú Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ yé.

“Wọ́n ní torí mi lẹ ṣe ti ilẹ̀kùn. Ta ló bi mí? Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló pè mí?”

Alhaji Mùsílíù ní, “Ọmọ mi, a ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni.”

“Ó ti bàjẹ́. Ẹsẹ kan kọ́ ló bà á jẹ́. Ìyá ìyá mi ti há Máídà sórí kí wọ́n tó lé e kúrò ní Lídà, ìlú rẹ̀ ní Palẹ́sítínì. Ó kà á lójú ọ̀nà, ó kà á nínú àgọ́, ó kà á títí tó fi kú. Kò fo ibì kankan. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi fò ó ní Lewisville?”

Fáìzàh wá yíjú sí Jameelah, ojú rẹ̀ kò sì rọ̀.

“Inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, Ustadha. Mo rí yín nínú fídíò yẹn.”

“Wọ́n gé e.”

“Mo mọ̀ pé wọ́n gé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa gé e, ẹ sì lọ.”

Jameelah ní èsì bíi mẹ́ta lẹ́nu. Kò mú ọ̀kankan jáde nínú wọn. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. “Ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo ṣì lọ.”

Fáìzàh jókòó sílẹ̀ lórí ẹní ìkírun Jameelah, tí eékún àwọn méjèèjì fi kan ara wọn. “Tóò. Ẹ jẹ́ ká kà á.”

Alhaji Mùsílíù ní ọ̀nà ni kọ́rídọ̀, wọn kò lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn olùkírun. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà mọ́, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Jameelah kò bá a jiyàn. Ó dìde, ó ká ẹní ìkírun rẹ̀, àwọn obìnrin dìde pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n jáde síta, wọ́n tún jókòó lórí kọnkéré níbi tí òjìji ògiri fẹ̀ dé. Oòrùn Texas ti ń mú. Àwọn ọkọ̀ tó ń já wọ òpópónà márosẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan lọ gbé omi tútù wá nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀.

Fáìzàh ló ké ẹsẹ náà fúnra rẹ̀. Kíké rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìsẹ́yìn, ó dùn létí ní tirẹ̀. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀ mímọ́, kò dúró, ó kọjá ogójì ọdún, ó kà á débi tí Ọlọ́hun ti ní kí Mùsá má banújẹ́ nítorí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Jameelah túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Tọ́láṣe, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ló kọ́kọ́ nawọ́. “Ustadha, ó kọ ọ́ fún wọn lóòótọ́, àbí kò kọ ọ́?”

“Ó kọ ọ́ fún wọn.”

“Kí la wá fẹ́ sọ fún Pásítọ̀?”

“Pé Ọlọ́hun tó kọ ọ́ kò tíì kú. Kò sí nínú ìwé náà pé ẹnikẹ́ni lè pa ọmọ ọlọ́mọ láti gbà á. Ta ló tún ní ìbéèrè?”

Gbogbo wọn ló ní. Wọ́n jiyàn títí òjìji fi kúrò lórí wọn. Fáìzàh kò gba ohun gbogbo tí Jameelah sọ, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Alhaji Mùsílíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gbọ́ wọn. Kò dá sí i, kò sì wọlé.

Mọ́ṣáláṣí kò dá kíláàsì padà fún Jameelah. Wọ́n fi olùkọ́ ọkùnrin kan síbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn tó bá wá. Timothy kò yọ fídíò rẹ̀ kúrò. Ó pẹ́ kí Sururat tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nígbà tó sì fi í ránṣẹ́, “Ẹ kú ọ̀sẹ̀” nìkan ló kọ, Jameelah sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bóun ṣe máa dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kàwé níta yẹn, nígbà tí wọ́n ń gbọn ẹní ìkírun wọn nù, Alhaji Mùsílíù sún mọ́ wọn. Ó ní onílé kò fẹ́ kí wọ́n máa jókòó síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n lè lé wọn.

“Ibo lẹ máa wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?” ló bi Jameelah.

Fáìzàh ló dá a lóhùn. “Gáráàjì ilé wa ní Mansfield, níbi tí à ń gbé ọkọ̀ sí. Ó tóbi. Ẹ̀yin náà ẹ wá, Alhaji, ẹ wá gbọ́ ohun tí inú ń bí mi sí.”

Jameelah gbé Kùránì rẹ̀ mọ́ àyà, ó kí Alhaji pé ó dàbọ̀, ó sì lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀.